Báàsì tó ń jò: ìdáhùn fún ọlọ́kọ̀ tó ní ₦150,000

Ìbéèrè náà wá láti Ìbàdàn. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra Honda Accord 2008 tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì V6, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní Evil Spirit. Wúfà kan bá a wá lórí pẹpẹ abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, àmọ́ báàsì rẹ̀ kò lágbára, tí mo bá sì gbé ohùn sókè, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mi ò fẹ́ yọ rédíò rẹ̀, torí òun àti bọ́tìnì AC jọ wà pọ̀ ni. ₦150,000 ni mo ní. Ẹni tó ń ta spíkà ládùúgbò wa ní kí n ra ínǹṣì 15 kan sí búùtù. Búùtù yẹn ni mo fi ń kó aṣọ ìyàwó mi lọ sọ́jà. Ṣé mi ò lè kàn yọ wúfà orí pẹpẹ yẹn, kí n fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀? Fújì àti amapiano ni mo máa ń gbọ́ jù. Kí sì ni kí n ṣe sí wúfà àtijọ́ náà, ṣé kí n tà á ni?"

Àbúrò, o kú oríire mọ́tò, ẹ̀mí rẹ á lò ó.

O lè yọ wúfà orí pẹpẹ yẹn kí o fi òmíràn sí i. Owó á lọ, báàsì ò ní dé. Ohun tó ń ti wúfà yẹn, ìyẹn ańpù tó ń fún un lágbára, ò ní yí padà torí pé o pààrọ̀ wúfà. Iye tí Honda fi polówó rédíò oríṣi yẹn ni wáàtì 270 fún spíkà méje, wúfà wà lára wọn. Pín in bó o ṣe fẹ́, ohun tó kan wúfà kò tó nǹkan, iye ìpolówó sì nìyẹn, kì í ṣe èyí tí ańpù lè gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin.

Ti ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí wúfà ṣe ń dènà iná, tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wúfà tó bá mọ́tò wá ni ohm rẹ̀ kéré, 2 tàbí bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 4 ló wọ́pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ańpù kan náà, fólítì kan náà, tí ohm bá ti di ìlọ́po méjì, wáàtì á já sí ìdajì. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi máa ń ra wúfà olówó gọbọi, á dè é sórí pẹpẹ, báàsì á wá kéré ju ti àná lọ, á sì gba ọ̀nà ọjà padà lọ bá ẹni tó tà á fún un jà pé ayédèrú ni. Kì í ṣe ayédèrú. Yọ púlọ́ọ̀gì wúfà tìrẹ, gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sójú ohm, kí o wo iye tó máa kọ kó o tó ra ohunkóhun.

Èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni afẹ́fẹ́, àwọn tó ń ta spíkà kì í sì í sábà mẹ́nu bà á. Nígbà tí kóònù wúfà, ojú rẹ̀ tó ń gbọ̀n, bá jáde, ó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ọkọ̀ níbi tí ẹ jókòó sí. Ní àkókò kan náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ inú búùtù. Bí afẹ́fẹ́ méjèèjì bá ráyè pàdé, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, ìró tó nípọn jù ló sì kọ́kọ́ máa ń lọ. Pẹpẹ yẹn ni Honda fi ṣe ògiri láàárín wọn, àmọ́ ògiri tó kún fún ihò ni: ihò wáyà, ihò bẹ́líìtì ìjókòó, àlàfo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Wúfà tí kò ní àpótí, lórí ògiri tó ń jò. Ẹni tó bá fi ínǹṣì 8 tó lágbára jù láyé síbẹ̀, ìró tó ń jò náà ló tún máa gbọ́.

Kó o tó ná kọ́bọ̀, jẹ́ ká mọ ibi tí gbígbọ̀n yẹn ti ń wá. Ọkọ̀ yẹn ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láyé, abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn sì wà lára ibi tí oòrùn ti ń pa nǹkan jù nínú mọ́tò. Ọ̀pọ̀ wúfà àtijọ́ ni wọ́n fi fóòmù ṣe etí kóònù wọn, ooru á sì jẹ fóòmù náà títí tí á fi máa rún mọ́ni lọ́wọ́. Ṣí ohun tó bo pẹpẹ, fi ìka tẹ etí kóònù náà jẹ́jẹ́. Bó bá já tàbí tó rún, o ti mú olè báàsì rẹ. Àwọn tó ń tún spíkà ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ etí tuntun mọ́ ọn, owó rẹ̀ kò sì ní gbé ọ lọ́kàn rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti wúfà tuntun. Bí etí bá dára, fi ìka ọwọ́ méjèèjì ti kóònù náà wọlé ní dọ́gba-dọ́gba. Tí o bá gbọ́ pé nǹkan ń ha nínú, kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká sí ẹ̀yìn kóònù, ti wọ́ tàbí ó ti jó. Má náwó sí i.

Bí wúfà ò bá ní àrùn, ara ọkọ̀ ló ń gbọ̀n. Wá ìró tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti 30 dé 100 hertz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) sórí fóònù rẹ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n kún íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnì kan jókòó síwájú kó máa tẹ̀ ẹ́, kí ìwọ máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ pẹpẹ, iná bíréèkì òkè, ìdérí búùtù, àwọn irin tó ń gbé ìdérí náà sókè, àti páálí nọ́mbà ọkọ̀. Ibi tí o bá tẹ̀ tí ariwo fi dákẹ́, ibẹ̀ ni. Nọ́mbà ọkọ̀ ló máa ń jẹ̀bi jù, fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí o bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tó oògùn fún un. Fún irin pẹpẹ àti ìdérí búùtù, butyl ni kí o béèrè, rọ́bà alẹ̀mọ́ tó nípọn tó sì ní ojú sílífà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí òrùlé tó ń jò. Oòrùn Ìbàdàn á yọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo ọkọ̀ á máa rùn bíi títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí, ẹni tó bá sì máa hó o kúrò lẹ́yìn náà á gégùn-ún fún ọ.

Tó o bá ṣe ìwọ̀nyí tán, tí báàsì sì ti tẹ́ ọ lọ́rùn, parí ẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọ̀rọ̀ wọn parí síbẹ̀ lóòótọ́. Bí kò bá tíì tó, máa bá mi bọ̀.

Mi ò bá oníspíkà yín jà lórí ínǹṣì 15. Títà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí tí kò níhò fún ínǹṣì 15 máa ń gba nǹkan bíi 60 sí 100 lítà, búùtù Accord yẹn látòkèdélẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 400 lítà lọ, kò tún rí gbọọrọ. Níbo ni aṣọ ìyàwó rẹ máa wà? Wúfà ńlá tí kò rí àpótí tó gbà á, tí kò sì rí wáàtì tó lè tì í, ariwo kan ṣoṣo ló máa ń pa, rọ̀ùn-rọ̀ùn, yálà gìtá ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ náà ti gbọ́ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ rí ní pópó. Ẹni tó wà níta ń gbọ́ báàsì, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń gbọ́ nọ́mbà ọkọ̀.

Ohun tí n bá fi owó rẹ ṣe rèé: wúfà ínǹṣì 10 kan, nínú àpótí kékeré tó dí pa, ní igun búùtù, pẹ̀lú ańpù tirẹ̀. Rédíò rẹ kò ní kúrò níbi tó wà.

Inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń ran báàsì lọ́wọ́. Bí ìró bá ti lọ sílẹ̀ débi pé ìdajì ìgbì rẹ̀ gùn ju inú ọkọ̀ lọ, láti nǹkan bíi 60 hertz sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há sínú ọkọ̀ á máa tì í sókè. Àpótí tó dí pa ní tirẹ̀ máa ń dín ìró kù díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Èyí tí àpótí bá pàdánù, ọkọ̀ á dá púpọ̀ padà nínú rẹ̀. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì olókùn mẹ́rin jẹ́ 41 hertz, ti olókùn márùn-ún jẹ́ 31. Ínǹṣì 10 gidi nínú àpótí dídí máa gbé ti 41 yẹn dé etí rẹ láìlàágùn. Àpótí oníhò máa ń pariwo jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìṣirò tó péye, ó ń gba àyè, bí káfíńtà bá sì ṣi ihò náà gé, kò sí àtúnṣe. Pẹ̀lú owó tí a ní yìí, àpótí dídí ló máa dárí àṣìṣe káfíńtà jì í.

Báwo ni báàsì inú búùtù ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ? Ìdáhùn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí kò gba kọ́bọ̀. Yọ wúfà àtijọ́ kúrò lórí pẹpẹ, kí o fi ojú ihò rẹ̀ sílẹ̀, kí ohun tó bo pẹpẹ sì máa bò ó bíi ti tẹ́lẹ̀. Irin àti ìjókòó ló sé búùtù mọ́, báàsì nílò ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà ínǹṣì 8 sì ti wà níbẹ̀. Bó o bá fi wúfà àtijọ́ sílẹ̀ láìfún un níná, awọ ìlù ló máa dà: báàsì tuntun á máa lù ú látìsàlẹ̀, òun náà á máa gbọ̀n lákòókò tirẹ̀. Ihò orí pẹpẹ tó ń bà wá lọ́kàn jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ti di ọ̀rẹ́ wa báyìí, torí wúfà tuntun ti ní àpótí tirẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ò lè pàdé iwájú rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, tó o bá ń lẹ butyl, irin tó ń gbọ̀n ni kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́. Má ṣe dí ihò.

Owó wá ńkọ́? Iye ọjà kì í dúró lójú kan, nítorí náà bí n óò ṣe pín in ni n óò sọ, kì í ṣe iye tí wọ́n máa pè fún ọ. ₦55,000 fún ańpù, ₦35,000 fún wúfà tòkunbọ̀, ₦25,000 fún àpótí, ₦25,000 fún wáyà àti fíúsì, ₦10,000 tó kù fún butyl àti ohun tí ẹnikẹ́ni ò rántí. Iṣẹ́ ọwọ́ ò sí níbẹ̀, torí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lo lè fúnra rẹ ṣe ní ọ̀sán Sátidé. Bí ọjà bá wọ́n ju bí mo ṣe rò lọ, dín wúfà kù sí ínǹṣì 8. Má dín wáyà kù.

Orí ańpù ni wọ́n ti ń jẹ èèyàn jù. Wàá rí páálí tí wọ́n kọ wáàtì 3000 sí, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì wúwo ju Bíbélì lọ. Má ka ara páálí, ka fíúsì. Ọ̀pọ̀ ańpù ló ní fíúsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ń wọlé, fíúsì kì í sì í purọ́. Fíúsì 15 ámpíà lórí iná mọ́tò tó wà ní 13.8 fólítì, ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 207. Gbogbo iná tó lè wọ inú ańpù yẹn fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn, kí fíúsì tó já. A ò tíì yọ èyí tó ń di ooru nínú rẹ̀. Irú ańpù tí wọ́n ń pè ní class D máa ń sọ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná rẹ̀ di ohùn, ti class AB kò tó bẹ́ẹ̀, nígbà míì ìdajì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi ańpù oní-fíúsì 15 ta wáàtì 600 fún ọ, rẹ́rìn-ín, kí o máa lọ. Bí wọ́n bá kọ CEA-2006 sára rẹ̀, tàbí CTA-2006, ìyẹn túmọ̀ sí pé ìlànà kan wà tí wọ́n fi wọn wáàtì náà: RMS (wáàtì tí ańpù lè gbé títí), 14.4 fólítì, 4 ohm, láìjẹ́ kí ohùn bàjẹ́ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kéré, àmọ́ òótọ́ ni.

Wáàtì 150 òótọ́ ti tó fún ọ. Etí èèyàn kì í ka wáàtì bí a ṣe ń ka owó. Tó o bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ló máa lé, etí á kàn gbọ́ pé ó fi díẹ̀ gòkè. Kó tó dà bíi pé ohùn di ìlọ́po méjì, wáàtì máa ní láti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà má banú jẹ́ torí pé ẹnì kan ní 300, ìwọ ní 150. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ańpù náà ní ibi tí wáyà spíkà lè wọ̀ tààrà, èyí tí wọ́n ń kọ high level sí lára. Ìyẹn ló máa gbà ọ́ lọ́wọ́ ríra ẹ̀rọ tó ń yí wáyà spíkà padà sí RCA, púlọ́ọ̀gì ohùn tí ọ̀pọ̀ ańpù ń lò. Tó bá tún lè tan ara rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́ ohùn, wàá tún bọ́ lọ́wọ́ fífa wáyà kan láti iwájú ọkọ̀.

Wúfà tòkunbọ̀ dára ju tuntun tí kò lórúkọ lọ. Alábà ní Lagos ni ọjà rẹ̀ ti pọ̀ jù, àmọ́ ní ìlú yín, kọ́kọ́ lọ wo Aráròmí ní Agodi Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Mú mítà lọ. Wúfà 4 ohm tó dára máa kọ nǹkan bíi 3.2 sí 3.8 lórí mítà. Bó bá kọ 1, tàbí tí kò kọ nǹkan kan, dá a padà. Bó bá ní kọ́ìlì méjì, wọn méjèèjì: kọ́ìlì 4 ohm méjì tí a bá so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ẹ̀gbẹ́ di 2, tí a bá so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, wọ́n di 8. Wo ara ańpù bóyá ó lè gba 2 kó o tó sanwó. Ti kóònù náà wọlé bí mo ṣe ṣàlàyé lókè. Kí o sì gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Kọ́ìlì tó ti jó ní òórùn tirẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé.

Àpótí: sọ fún káfíńtà pé MDF tó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì lo fẹ́, kì í ṣe púláíwùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó kù láti ara kọ́bọ́ọ̀dù ẹlòmíì. Inú rẹ̀ kó jẹ́ ínǹṣì 14 ní gígùn, 12 ní gíga, 8 ní jíjìn. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 22 lítà, ọ̀pọ̀ ínǹṣì 10 ló sì máa bá a mu. Tí ìwé wúfà rẹ bá sọ iye mìíràn, tẹ̀lé ti ìwé. Ṣáájú ìyẹn, wọn ìjìn wúfà fúnra rẹ̀ kí mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ má lọ kan ògiri ẹ̀yìn. Gọ́ọ̀mù igi àti ìṣó yíyí ni kí ó fi mú un pọ̀, kí ó sì fi sílíkónì pa gbogbo oríkèé rẹ̀ láti inú. Òwú inú ìrọ̀rí, èyí tí kì í ṣe òwú gidi, ni kí o fi kún un díẹ̀, kó má fún jù. Ó máa ń jẹ́ kí àpótí ṣe bí ẹni tó tóbi ju bó ṣe rí lọ. Nígbà tí wúfà bá ti wọlé, ti kóònù rẹ̀: tó bá ń padà jáde díẹ̀díẹ̀, àpótí dí; tó bá sọ jáde lójijì, ibì kan ń jò. Dè é mọ́ ilẹ̀ búùtù pẹ̀lú irin tàbí bẹ́líìtì. Mi ò fẹ́ kí nǹkan tó wúwo bẹ́ẹ̀ bá ìjókòó ẹ̀yìn pàdé lọ́jọ́ tí bíréèkì bá di dandan, pàápàá tí ọmọ bá jókòó síbẹ̀.

Ní ti wáyà, jọ̀ọ́, fara balẹ̀, torí ibí yìí ni mọ́tò ti ń gbiná. Wáyà iná máa jáde láti orí bátìrì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ dé búùtù. Fíúsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kó má jìn ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 45 lọ. Ańpù ti ní fíúsì tirẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ bátìrì yìí wáyà ló ń dáàbò bò. Bí irin bá gé ara wáyà níbikíbi láàárín bátìrì àti búùtù, bátìrì á da gbogbo iná rẹ̀ sínú irin ọkọ̀, fíúsì tó wà ní búùtù kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ibi tí wáyà bá ti gba inú irin kọjá, fi rọ́bà sí i lẹ́nu. Mo ti rí rẹwáyà tó fi ìṣó lu ihò, tó fa wáyà gba ibẹ̀ ní ìhòòhò, tó sì gbowó.

Fún ańpù tí a sọ yìí, wáyà 8 gauge tó (bí nọ́mbà gauge bá ṣe kéré tó ni wáyà ṣe ń nípọn tó), fíúsì rẹ̀ kí ó bá ti ara ańpù mu. Kí o sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wáyà tó ń dán pupa nínú rọ́bà rẹ̀ ni kì í ṣe kọ́pà délẹ̀. Alumíníọ́mù ni, wọ́n kàn fi kọ́pà kùn ún. Fi abẹ ha okùn kan nínú rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù ni. Kò kúkú burú, àmọ́ kì í gbé iná tó kọ́pà, nítorí náà òun ni kí o fi 4 gauge ra dípò 8, kí o sì ná a bí ohun tó jẹ́. Ẹni tó bá ń ta á ní iye kọ́pà, ọ̀dàlẹ̀ ni.

Wáyà ilẹ̀ kó kúrú, kó má gùn ju apá kan lọ. Ha ọ̀dà ara irin búùtù títí tí á fi funfun, kí o fi nọ́ọ̀tì mú un dáadáa. Má lo nọ́ọ̀tì bẹ́líìtì ìjókòó. Tí o bá gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gòkè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gòkè, wáyà ilẹ̀ yìí ni kí o kọ́kọ́ padà lọ wò.

Ohùn tó máa wọ ańpù tuntun ti ń dúró dè ọ́ lórí pẹpẹ: wáyà méjì tí o yọ lára wúfà àtijọ́. So wọ́n mọ́ ibi high level. Má ṣe so èyíkéyìí nínú méjèèjì mọ́ irin ọkọ̀ pé òun ni ilẹ̀. Àwọn ańpù inú mọ́tò báyìí, wáyà méjèèjì ló ń gbé iná, ẹni tó bá so ọ̀kan mọ́ irin lè jó ańpù Honda. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nínú ọ̀nà yìí ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò kan máa ń dín báàsì kù nígbà tí a bá ń gbé ohùn sókè, kí wúfà kékeré wọn má baà já. Tó o bá ṣàkíyèsí pé báàsì ń sá bó o ṣe ń gbé ohùn sókè, wáyà àwọn spíkà ẹ̀yìn yòókù ni kí o lò dípò rẹ̀.

Ohun kan wà lára V6 yìí tí ọ̀pọ̀ rẹwáyà kò mọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ máa ń pa àwọn kan nínú sìlíńdà rẹ̀ tì nígbà tí iṣẹ́ ò bá pọ̀, láti mẹ́fà sí mẹ́rin tàbí mẹ́ta, kó lè dín epo kù. Ẹ́ńjìnnì máa ń kùn nígbà náà, Honda sì fi máíkì sínú ọkọ̀ tó ń gbọ́ kíkùn yẹn, kí rédíò lè gba ara spíkà rán ìró òdìkejì rẹ̀ jáde láti fi pa á. Ìwọ wá gbé báàsì ńlá síbẹ̀. Máíkì á gbọ́ ọ, á rò pé ẹ́ńjìnnì ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà, wúfà tuntun rẹ sì ni wọ́n máa gbà jà. Wàá máa gbọ́ híhó kan tó nípọn bí o bá ṣílẹ̀kùn tàbí tó o sọ gíláàsì sílẹ̀, nígbà míì láìsí orin rárá. Àwọn èèyàn á ní ańpù ti bàjẹ́. Ańpù ò ṣe nǹkan kan. Sọ fún rẹwáyà tó mọ Honda pé kí ó yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ ANC, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìró òdìkejì pa kíkùn yẹn. Ọkọ̀ kò ní ṣàìsàn, kíkùn díẹ̀ ni wàá máa gbọ́ nígbà tó bá ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wàyí o, títò ó. Lára ańpù ni bọ́tìnì tó ń pinnu ìró tó máa wọ wúfà, gbé e sí 80 hertz. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ bass boost sí, gbé e sí òdo, kí o gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Gain kì í ṣe fólúùmù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ańpù àti rédíò dọ́gba, òun ni àwọn èèyàn sì fi ń pa wúfà. Yọ wáyà wúfà kúrò lára ańpù, tẹ ìró 50 hertz, gbé rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fólúùmù rẹ̀, kí báàsì àti tírẹ́bù rẹ̀ wà láàárín. Gbé mítà sójú fólítì AC, fi sẹ́nu wáyà wúfà lára ańpù, kí o máa ṣí gain díẹ̀díẹ̀. Fún wáàtì 150 lórí 4 ohm, dúró nígbà tó bá kọ 24. Bí ohm tàbí wáàtì tìrẹ bá yàtọ̀, fi ohm sọ wáàtì di púpọ̀, kí o wá gbòǹgbò ìlọ́po méjì (square root) rẹ̀ lórí fóònù. Dá wáyà wúfà padà, kí o má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Lẹ́yìn náà, gbé orin fújì tó o mọ̀ dáadáa sí i, èyí tí gángan ti ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Jókòó síwájú. Gángan kì í ṣe iṣẹ́ wúfà, ohùn rẹ̀ ga ju ibi tí wúfà dé lọ. Tó o bá gbọ́ ọ láti búùtù, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń wú, 80 yẹn ti ga jù, sọ ọ́ kalẹ̀ sí 70 tàbí 60 títí tí gángan á fi padà síwájú, tí dúrọ́ọ̀mù àti gìtá nìkan á kù lẹ́yìn rẹ. Amapiano ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbí, gbogbo nǹkan ló máa ń dùn nínú rẹ̀. Yí wáyà wúfà méjèèjì padà síra wọn lẹ́ẹ̀kan, kí o gbọ́ ọ̀nà méjèèjì, èyí tí báàsì ti pọ̀ jù níwájú ni kí o mú. Kí o sì dojú wúfà kọ ẹ̀yìn ọkọ̀, sí ibi tí iná bíréèkì wà. Nínú sẹdáànì, ibẹ̀ ló máa ń dára jù, àmọ́ yí àpótí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún kó o tó dè é mọ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Wúfà àtijọ́, má tà á. Kò ní mú owó gidi kan wá. Wé e sínú ọ̀rá, kí o tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀, torí lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ ta mọ́tò yẹn, wàá yọ àpótí rẹ kúrò, wàá dá ti Honda padà sórí pẹpẹ, wàá sì gbé ínǹṣì 10 rẹ lọ sínú mọ́tò tó kàn.